Bí A Ṣe Ń Jókòó àti Bí Ọkàn Wa Ṣe Ń Rí

Owó ni a sábà máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí nínú ìwé yìí: owó ìfipamọ́, owó yíyá àti èlé orí rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn àti ọrùn ni a mú wá, nítorí pé ẹ̀yìn náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń ṣiṣẹ́ san gbèsè.

Ẹni tó bá gba Ladi-Lak wọ inú Ṣómólú láàárọ̀ yóò rí ohun tí à ń wí. Àwọn atẹ̀wé wa, tí gbogbo Èkó mọ̀ mọ́ kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó àti pósítà ìbò, ti tẹ̀ síwájú ẹ̀rọ. Àwọn tó ń ká ìwé, tí wọ́n ń tò ó, tí wọ́n sì ń dì í pọ̀, ti dorí kọ tábìlì. Télọ̀ wà nídìí máṣíìnì, onídìrí wà lẹ́yìn oníbàárà, alákàrà wà lórí àpótí kékeré. Títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ẹ̀yìn wọn kì í nà.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìwé dídì, bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ní ìpàdé, ẹ̀yìn pátápátá ló ń jókòó sí, á fọwọ́ lẹ́rán, kò sì ní dá sí ọ̀rọ̀. Owó tó ń fi pamọ́ ń dín kù. Kí a má parọ́, gbèsè ni àwa ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ rò. Ọ̀kan nínú wa tiẹ̀ sọ fún un lójú gbogbo ènìyàn pé kí ó nara, kí ó gbórí sókè, pé ọkùnrin kì í sorí kọ́. Lójú wa nígbà náà, ọ̀rọ̀ ìyànjú nìyẹn.

Ó ní ohun tí a gbọ́jú lé. Èdè wa ti so ara mọ́ ọkàn tipẹ́. Ẹni tí ìbànújẹ́ bò mọ́lẹ̀, a ní ó sorí kọ́. Ẹni tí àjálù dé bá, a ní ó káwọ́ lérí. Ẹni tó ń gbéra ga, ara náà ló ń gbé ga. Kódà ẹni tó bá parí iṣẹ́ ìjọba, a ní ó fẹ̀yìn tì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a mọ ọ̀pọ̀ tó fẹ̀yìn tì tí ẹ̀yìn wọn kò tíì rí ohun tí yóò tì.

Àwọn onímọ̀ náà ti wá inú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1884, William James ará Amẹ́ríkà kọ ọ́ pé ara ló ń kọ́kọ́ yí padà kí ọkàn tó mọ̀ ọ́n lára. Ní 2015, àwọn olùwádìí ní New Zealand gbé iṣẹ́ kan jáde lórí ènìyàn 74. Wọ́n fi téèpù di ẹ̀yìn wọn. Àwọn kan jókòó ṣánṣán, àwọn kan tẹ̀ síwájú, wọ́n sì ní kí wọ́n sọ̀rọ̀. Inú àwọn tó jókòó ṣánṣán dùn ju ti àwọn yòókù lọ, ẹ̀rù wọn sì kéré. Ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ pọ̀ lẹ́nu àwọn tó tẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ di oògùn gbogbo-ń-ṣe. Ní 2010, àwọn kan ní Amẹ́ríkà sọ pé bí ènìyàn bá na àyà bí alágbára fún ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn omi inú ara tó ń ru agbára sókè yóò pọ̀ sí i. Ayé gbà á. Nígbà tí àwọn mìíràn tún un ṣe pẹ̀lú ènìyàn 200, àwọn ènìyàn náà ní ó ń ṣe àwọn bí ẹni pé àwọn lágbára, ṣùgbọ́n omi ara wọn kò yí padà; wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015. Ní 2016, Dana Carney, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é, sọ ní gbangba pé òun kò gbà á gbọ́ mọ́. Èyí wù wá púpọ̀. Ìbá wù wá kí àwọn akápò máa sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bí ìṣirò bá ṣì.

Ọ̀nà tí ìjókòó fi ń ba ọkàn jẹ́ jù, lójú tiwa, ni ìrora. Orí àgbàlagbà wọ̀n tó kílò 5. Bó bá dúró lórí ọrùn, ọrùn kò mọ̀ ọ́n lára. Bó bá tẹ̀ síwájú láti àárọ̀ dalẹ́, iṣan ọrùn àti ti èjìká ló ń fà á bí ẹni ń fa garawa nínú kànga. Ìrora yóò lé oorun lọ. Àìsùn yóò mú kí ọkàn rẹ̀wẹ̀sì, ọkàn tó rẹ̀wẹ̀sì yóò sì mú kí ìrora náà wúwo sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé mílíọ̀nù 619 ènìyàn ni ẹ̀yìn ń dùn ní 2020.

A lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọmọ ẹgbẹ́ wa náà. Tábìlì tó fi ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró kò ga ju itan rẹ̀ lọ. A fi búlọ́ọ̀kù ti ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí ó fi ga dé ìsàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ díẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó tó oṣù méjì tí a ti rí ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn. A tún bá a sọ ọ́ pé bí ìjókòó tàbí ìdúró bá ti pẹ́, kí ó yí i padà, kí ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, kí ó na apá. Ìjókòó ṣánṣán náà ń dá ara lágara bí a kò bá dìde níbẹ̀.

Ọrùn fúyẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn kò fúyẹ́ tán. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún wa pé oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́, àti pé àti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà náà ni ojú tì wá nítorí “gbórí sókè” tí a sọ. Ẹni tí ẹrù ń tẹ̀, a kì í pàṣẹ fún un kó nàró kí a tó bá a sọ ẹrù kalẹ̀.

Àwa ará Ladi-Lak kò jìnnà sí ìrànlọ́wọ́. Igbóbì wà nítòsí, níbi tí ilé ìwòsàn egungun ti wà láti 1945. Yábà náà kò jìnnà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọkàn láti 1907. Ẹni tó bá lọ sí Igbóbì, a máa ń gbé ọbẹ̀ lọ kí i. Ẹni tó bá lọ sí Yábà, ńṣe ni à ń fi í pamọ́, bí ẹni pé wèrè nìkan ni wọ́n ń wò níbẹ̀. Bí ìbànújẹ́ bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tí oorun àti oúnjẹ sá, tí ohun tó ń dùn mọ́ni tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́, ẹ lọ rí dókítà. Bí ẹnìkan bá ń sọ̀rọ̀ ikú ara rẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ mú un lọ.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa náà lọ. Ó ṣì ń lọ lóṣooṣù, òun ló sì ní kí a kọ ọ́ síbí láìdárúkọ òun. Ní ìpàdé tó kọjá, ó bá wa jà lórí èlé owó yíyá, ohùn rẹ̀ sì ròkè.

Ẹni tó bá fẹ́ kí a wá wo tábìlì tàbí àpótí tó fi ń ṣiṣẹ́, kí ó sọ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù mẹ́fà ṣì wà lọ́wọ́ wa.