Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ta ló láṣẹ láti wú ohun àtijọ́ nílẹ̀?

Lọ́dún 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, Ilé-Ifẹ̀, ṣàdédé kan orí idẹ. Ojú ọ̀pọ̀ nínú àwọn orí náà kún fún ilà tẹ́ẹ́rẹ́, láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Kí ìjọba tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn kan ti dé ọwọ́ òyìnbó. William Bascom ará Amẹ́ríkà ra méjì, ó sì dá wọn padà nígbà tó yá. Ọ̀kan mìíràn nínú àwọn orí náà ṣì wà ní British Museum.

Lónìí, òfin àjọ National Commission for Museums and Monuments, tó ti wà láti ọdún 1979, sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wa ilẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá ṣèèṣì rí i gbọdọ̀ fi tó ìjọba létí.

Kí nìdí tí òfin yìí fi ṣe pàtàkì? Ní Ihò Eléérú, nítòsí Àkúrẹ́, awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw wú egungun èèyàn lọ́dún 1965. Èédú tó wà nítòsí rẹ̀ ló jẹ́ ká mọ̀ pé ó ti lé ní 11,000 ọdún. Ká ní wọ́n ti fi ṣọ́bìrì da ilẹ̀ náà rú ni, à bá má mọ ọjọ́ orí rẹ̀ láéláé.

Ṣùgbọ́n òfin nìkan ò tó. Ní Ìlú Ọba, wọ́n yan òṣìṣẹ́ tó ń gba ìròyìn lọ́wọ́ ará ìlú tó bá rí nǹkan. Ó yẹ káwa náà ní irú rẹ̀. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní àwọn ìlú Èkìtì bíi Aisegba, Ìsẹ̀ àti Ẹ̀mùrẹ́ lè ya fọ́tò ahoro ìlú, kí wọ́n gba ìtàn sílẹ̀ lẹ́nu àgbà, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ibẹ̀.

Bí ọkọ́ yín bá kan ìkòkò tàbí ère, ẹ dúró, ẹ fi í síbẹ̀, kí ẹ sọ fún Kábíyèsí àti ìjọba ìbílẹ̀.