Ìgbafẹ́ Ọjọ́ Kan láti Èjìgbò

Ẹ̀yin òǹwòran wa, àjò kì í dùn kí onílé má relé. Àkókò ìpadàbọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ pinnu kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Bí a bá gba Ẹdẹ, Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO kà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005, kò ju nǹkan bí 40 kìlómítà lọ: ìdajì ọjọ́ tó o. Ṣùgbọ́n omi Olúmirin tí ń já wálẹ̀ láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, lẹ́yìn Iléṣà, gba odidi ọjọ́, nítorí ìpele méje ni à ń gùn níbẹ̀. Òjò tó mú omi náà kún ló ń mú kí òkúta máa yọ̀. Ẹ má ṣe pa ibi méjèèjì pọ̀, kí ilẹ̀ má baà ṣú bá yín lójú títì.