Ọ̀já, pánnyẹ̀ tàbí porte-bébé: èwo ló tọ́ sí ọmọ tuntun?

Ní Albarika níbí, tí obìnrin bá bímọ, kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé, aṣọ á ti kún yàrá. Ìyá ọkọ á mú pánnyẹ̀ tuntun wá. Ìyá ìyàwó á lọ yọ ọ̀já tó fi pọ̀n ìyá ọmọ náà fúnra rẹ̀ jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí. Àbúrò tó wà ní Cotonou tàbí Paris á fi porte-bébé oníbẹ́líìtì ránṣẹ́. A ti wọlé kí ọ̀pọ̀ abiyamọ "ẹ kú ewu ọmọ" ní àdúgbò yìí, àríyànjiyàn kan náà la sì máa ń bá níbẹ̀. Àwọn àgbà ní kí wọ́n tètè gbé ọmọ pọ̀n kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè le. Àwọn ọ̀dọ́ ní ti òyìnbó ló dáa jù, wọ́n ṣáà kọ nǹkan sí i lára. Abiyamọ á jókòó sáàárín, kò mọ ẹni tí òun máa gbọ́ tiẹ̀.

Àwa náà ti lọ́wọ́ sí àríyànjiyàn yìí, torí pé níbi tí a ti ń kọ́ àwọn tó máa di olùkọ́, àwọn kan nínú wọn máa ń bímọ láàárín ọdún, wọ́n á sì gbé ọmọ wá sí kíláàsì. Ọ̀kan wọlé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú porte-bébé tó lẹ́wà gan-an. Ọmọ rẹ̀ kò tíì pé oṣù kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ gbọọrọ sísàlẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ tẹ̀ mọ́ àyà, ìyá sì ń sọ fún wa pé "ó ń sùn dáadáa." Lóòótọ́, sísùn ló ń sùn. Àmọ́ a ní kó yọ ọ́ kíá.

Ẹ jẹ́ ká sọ ìdí rẹ̀. Orí ọmọ tuntun wúwo, ọrùn rẹ̀ kò sì tíì lágbára. Ó máa ń tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó lè gbé orí ara rẹ̀ dúró dáadáa. Ọ̀nà tí èémí ń gbà kọjá lọ́fun rẹ̀ kéré, ó sì rọ̀. Tí àgbọ̀n bá tẹ̀ mọ́ àyà, ọ̀nà yẹn á pa pọ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá ṣẹ́ tuyau omi po. Èyí tó ń bani lẹ́rù jù níbẹ̀ ni pé ọmọ tí èémí rẹ̀ ń dí báyìí kì í ké, kì í tàpá. Ìyá á rò pé oorun ni. Imú náà wà níbẹ̀: bí aṣọ bá bò ó, tàbí ọmú ìyá tẹ̀ ẹ́, ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì kò lágbára àtiyí orí padà.

Ní oṣù kẹta ọdún 2010, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ààbò ọjà, ìyẹn CPSC, kìlọ̀ fún àwọn òbí nípa àwọn ìgbọ́mọ tó dà bí àpò tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká. Wọ́n ti ka ikú ọmọ 14 láàárín 20 ọdún, 12 nínú wọn kò sì tíì pé oṣù mẹ́rin. Inú irú àpò bẹ́ẹ̀ jìn, ọmọ á ká sísàlẹ̀ rẹ̀ bí edé, àgbọ̀n á bọ́ sórí àyà, aṣọ á tún bo imú. Tí ẹ bá rí i láàárín àwọn ẹrù àlòkù ní ọjà Arzèkè, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fi ra iṣu.

Iwájú ni ààyè ọmọ tuntun. Kó wà lóròó, àyà rẹ̀ mọ́ àyà ìyá, kí orí rẹ̀ wà níbi tí ìyá lè fi ẹnu kò láìna ọrùn. Tó bá jẹ́ pé ẹ máa kọ́kọ́ ṣí aṣọ kí ẹ tó rí ojú ọmọ, ẹ kò so ó dáa. Kí ìka méjì lè wọ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Kí aṣọ mú un lẹ́yìn dáadáa, tó fi jẹ́ pé tí ẹ bá fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀, kò ní tún wọlé sí i. Ọ̀pọ̀ ìyá máa ń bẹ̀rù pé aṣọ tó le á pa ọmọ lára. Aṣọ tó dẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù, torí inú rẹ̀ ni ọmọ ti ń yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi ká. Ẹ máa wò ó lóòrèkóòrè, pàápàá tó bá ti sùn, torí oorun máa ń mú kí ọrùn rọ̀ sí i. Tí ẹ bá fún un lọ́mú nínú aṣọ, tó bá ti mu tán, ẹ gbé e padà sókè síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yìn wá ńkọ́? A mọ̀ pé àwọn ìyá wa kì í dúró de oṣù mẹ́ta. Ìwọ́ ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ já, ó ti wà lẹ́yìn. A kò ní sọ pé wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ẹ̀yìn wọn làwa náà ti dàgbà. Àmọ́ tí ọmọ bá wà lẹ́yìn, ìyá kò rí ojú rẹ̀. Nígbà yẹn, ìyá tó pọ̀n ọmọ nínú agbo ilé ní èèyàn mẹ́ta, mẹ́rin tó ń bá a wò ó, tí wọ́n á ké sí i pé "orí ọmọ ti tẹ̀ o!" Ẹni tó dá wà nínú yàrá kan tó háyà ní Parakou, tí ọkọ rẹ̀ ti jáde láti àárọ̀, kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ yín kí ẹ jẹ́ kí ọrùn ọmọ kọ́kọ́ le. Tó bá wá di dandan, kí etí aṣọ gòkè dé ìsàlẹ̀ etí ọmọ, kí ojú rẹ̀ yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹnì kan máa wò ó, kó má sì pẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni àwọn ìyá wa ti borí. Orí egungun itan ọmọ tuntun jókòó sínú ihò kan ní ìbàdí, ihò yẹn kò sì tíì di egungun líle. Tí ẹsẹ̀ bá ká, tó ya sọ́tùn-ún sósì, tí orúnkún ga ju ìdí lọ díẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́ tó jókòó, orí egungun á dúró síbi tó yẹ, ihò á sì dàgbà yí i ká. Tí wọ́n bá na ẹsẹ̀ méjèèjì tí wọ́n dì í pọ̀, ó lè yẹ̀. Àwọn dókítà ti ṣàkíyèsí pé ìbàdí yíyẹ̀ pọ̀ láàárín àwọn Navajo ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n máa ń di ọmọ mọ́ pátákó pẹ̀lú ẹsẹ̀ nínà. Ó sì ṣọ̀wọ́n gan-an nílẹ̀ Áfíríkà, níbi tí ọmọ ti ń ya ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ẹ má fi ipá ya ẹsẹ̀ ọmọ tuntun o. Bó ṣe ká a fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fi sílẹ̀, kí aṣọ ṣáà gbé itan rẹ̀ láti ẹ̀yìn orúnkún kan dé èkejì.

Ìtàn kan wà tó yẹ kí àwọn tó ń fi nǹkan òyìnbó yangàn gbọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà kan, Ann Moore, wá ṣiṣẹ́ ní Tógò, ilé kejì wa níbí, pẹ̀lú Peace Corps. Ó rí àwọn ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n, ó sì rí i bí ara àwọn ọmọ náà ṣe balẹ̀. Nígbà tó padà sílé, tó bí ọmọ tirẹ̀ ní 1964, ó fẹ́ pọ̀n ọn bó ṣe rí i, àmọ́ ọmọ ń yọ̀ bọ́ ṣáá. Ló bá bẹ ìyá rẹ̀, Lucy Aukerman, kó bá òun rán nǹkan tó máa di ọmọ mú. Ohun tí wọ́n rán yẹn ni wọ́n ń pè ní Snugli. Wọ́n gba brevet lórí rẹ̀ ní 1969, ó sì wà lára àwọn tó sọ porte-bébé di ọjà gidi ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà, tí àbúrò yín bá fi porte-bébé ránṣẹ́, ọmọ ìyá ọ̀já wa ló ń padà bọ̀ wálé, tó tún san owó ibodè.

Nínú ohun tó wà lọ́wọ́ wa, pánnyẹ̀ òwú tó fẹ̀, pẹ̀lú ọ̀já tó gùn, tó ọmọ tuntun níwájú tí ẹ bá mọ̀ ọ́n so. Pánnyẹ̀ á gbé ẹ̀yìn àti itan, ọ̀já á gba abẹ́ ìdí ọmọ kọjá kó má bàa yọ̀. Tí pánnyẹ̀ bá jẹ́ tuntun, ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, torí amidon inú rẹ̀ máa ń jẹ́ kí kókó tú. Écharpe, ìyẹn aṣọ gbọọrọ tó tó mítà mẹ́rin tàbí márùn-ún, dára gan-an fún oṣù àkọ́kọ́, ó sì ń pín ìwúwo ọmọ sórí èjìká méjèèjì. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó gùn, ó ń wọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń so ó, ó sì ń mú ooru. Ẹni tó bá fẹ́ lè ra òwú tó lágbára lọ́jà, kó ní kí télọ̀ ká etí rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ ní ojú rírán láàárín, ibẹ̀ ló máa ń já.

Ní ti porte-bébé oníbẹ́líìtì, ẹ ka ìwé kékeré tí wọ́n rán mọ́ ọn. Wọ́n máa ń kọ kílò tó kéré jù síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì ń bẹ̀rẹ̀ láti kílò 3 ààbọ̀. Bí ọmọ yín bá wọ̀n kílò 2 àti 800 gíráàmù ní maternité, porte-bébé yẹn kì í ṣe tirẹ̀ báyìí, ẹ fi í pamọ́. Ẹ wo ibi tí ọmọ máa jókòó sí: tó bá tínínrín tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ ń rọ̀ bí ti ẹni tó gun okùn, kò dáa. Tó bá jẹ́ àlòkù, ẹ fi gbogbo agbára fa bẹ́líìtì rẹ̀, ẹ ti ìkọ́ rẹ̀ pa kí ẹ tún ṣí i ní ìgbà mẹ́wàá. Tí ìkọ́ bá ti sán, tàbí tí òwú rẹ̀ ti ń tú, kò sí télọ̀ tó lè dá a padà.

Àwọn ọmọ tó kéré jù ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ, ìyẹn àwọn tí kò tó kílò 2 ààbọ̀ nígbà tí wọ́n bí wọn, àti àwọn tí oṣù wọn kò pé. Ní 1978, ní Bogotá ní Kòlóńbíà, couveuse kò tó ní ilé ìwòsàn. Dókítà Edgar Rey ní kí àwọn ìyá máa so àwọn ọmọ náà mọ́ àyà wọn, awọ mọ́ awọ. Ibẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè ní méthode kangourou ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2021 wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde, tí wọ́n ṣe ní Gánà, Íńdíà, Màláwì, Tansaníà àti Nàìjíríà. Ní Nàìjíríà, Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é. Àwọn ọmọ tí wọ́n wò wọ̀n láti kílò 1 títí dé ibi tí kò tó kílò 1 àti 800 gíráàmù. Wọ́n so apá kan mọ́ àyà láìpẹ́ lẹ́yìn ìbí. Apá kejì dúró títí ara wọn fi balẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ 28 fi pé, nínú 100 àwọn tí wọ́n tètè so, 12 ló kú. Nínú 100 àwọn yòókù, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16. Ọmọ mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, torí pé wọn kò jẹ́ kí àyà ìyá dúró! Ní 2022, OMS ní kí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, fún wákàtí 8 sí 24 lójúmọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé: ọmọ á wà níhòòhò, àfi couche, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀. Á dúró lóròó láàárín ọmú méjèèjì, orí yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, àgbọ̀n gbé sókè díẹ̀, ẹsẹ̀ ká bí ti ọ̀pọ̀lọ́. Aṣọ á dì í mú títí dé ìsàlẹ̀ etí, ìyá á wọ bùbá tàbí aṣọ mìíràn lé e. Tí ìyá bá fẹ́ sùn, kó fara ti ìrọ̀rí kí orí àti àyà rẹ̀ ga. Bàbá lè ṣe é, ìyá àgbà náà lè ṣe é. Àmọ́ ẹ má dá a bẹ̀rẹ̀ nílé. Sage-femme ni kó kọ́kọ́ so ó lójú yín, kó sì wo bí ọmọ ṣe ń mí. Tí wọn kò bá dárúkọ méthode kangourou fún yín ní maternité, ẹ̀yin ni kí ẹ dárúkọ rẹ̀.

Ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin ní Parakou kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ara ìyá àti ara ọmọ ń mú ooru wá fún ara wọn, aṣọ sì wà lórí rẹ̀. Fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó lábẹ́ pánnyẹ̀. Ẹ máa fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Tó bá ń làágùn, ẹ tú u. Nígbà ọyẹ́, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ ni kí ẹ fi kún un, kì í ṣe aṣọ tí ẹ máa fi bo ojú rẹ̀ nítorí eruku.

Ẹ má ṣe dáná pẹ̀lú ọmọ níwájú. Òróró gbígbóná kì í béèrè ọjọ́ orí. Tí ẹ bá fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀, orúnkún ni kí ẹ tẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn. Ní ti zém, a mọ̀ pé ẹ máa gùn ún, ọ̀nà mìíràn kò sí fún ọ̀pọ̀ wa, àmọ́ kò sí aṣọ kankan tó ń dáàbò bo ọmọ tí ọ̀kadà bá ṣubú. Tó bá lè jẹ́ tásì, ẹ wọ tásì. Tí kò bá sí, ẹ ní kí ó rọra lọ, kí ẹ sì ká etí pánnyẹ̀ àti ọ̀já sábẹ́ ara yín kí táyà má bàa wé e.

Kí ẹ tó fi ọmọ sínú aṣọ tuntun èyíkéyìí, ẹ wọn ìrẹsì kílò mẹ́ta sínú àpò kékeré, ẹ so ó mọ́ àyà, ẹ rìn yí ilé ká, ẹ tẹ̀, ẹ jókòó, ẹ dìde. Tí ìrẹsì bá yọ̀ wálẹ̀, ẹ tún un so. Nígbà tó bá wá kan ọmọ, ẹ jókòó sórí ibùsùn kí ẹ tó so ó, kí ìyá àgbà sì dúró tì yín.