Ẹyẹ Inú Irà Lè Kó Àrùn Ran Adìyẹ Ẹ̀yìnkùlé: Ohun Tó Yẹ Kí Àwọn Ará Àgbárá Mọ̀

Láti ayébáyé ni àwọn tó ń sin adìyẹ nílẹ̀ Yorùbá ti mọ̀ pé ojú sánmà ni ọ̀tá adìyẹ ti í wá. Bí àṣá bá ti ń rá bàbà lókè, ìyá adìyẹ á kó àwọn ọmọ rẹ̀ sábẹ́ apá, àwọn ọmọdé á sì pariwo lé àṣá lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀tá mìíràn wà tó ń gba ojú sánmà wá, tí kò sí ẹni tó lè pariwo lé e lọ, nítorí pé ojú kò rí i. Òun ni àrùn ọ̀fìnkìn ẹyẹ, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí bird flu. Inú ìgbẹ́ àti itọ́ ẹyẹ ni kòkòrò rẹ̀ máa ń wà, bí adìyẹ kan bá sì ti kó o, ó lè pa gbogbo agbo láàrin ọjọ́ mélòó kan.

Àrùn yìí kì í ṣe àjèjì ní Nàìjíríà. Inú oṣù kejì ọdún 2006 ni wọ́n kọ́kọ́ rí oríṣi rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní H5N1 ní oko adìyẹ kan ní Jaji, ìpínlẹ̀ Kaduna, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí wọn yóò rí i nílẹ̀ Áfíríkà. Kò pẹ́ púpọ̀ tó fi dé ìpínlẹ̀ Èkó àti Ògùn. Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2007, ọmọbìnrin ẹni ọdún 22 kan kú l'Ékòó, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn náà pa ní orílẹ̀-èdè yìí. Àrùn ọ̀hún tún jà lọ́dún 2015, ó sì tún padà wá lọ́dún 2021.

Báwo ló ṣe ń wọlé? Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó yẹ kòkòrò tọdún 2006 wò, tí ará Yunifásítì Ìbàdàn wà lára wọn, rí i pé oríṣi mẹ́ta ló wọ Nàìjíríà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí fi hàn pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wọlé. Ó lè jẹ́ pé òwò adìyẹ àti òròmọdìyẹ ló gbé òmíràn wá, ó sì lè jẹ́ pé àwọn ẹyẹ tó ń ti ìlú òkèèrè fò wá ló gbé òmíràn. Lọ́dọọdún, nígbà tí òtútù bá ti ń mú ní Yúróòpù àti Éṣíà, pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ àtàwọn ẹyẹ omi mìíràn máa ń fò wá sí àwọn irà àti ọ̀sà ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, wọn kì í sì í padà títí di nǹkan bí oṣù kẹta. Pẹ́pẹ́yẹ lè gbé kòkòrò náà sínú kí ara rẹ̀ sì le koko. Adìyẹ kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan Àgbárá nìyí. Lóòótọ́, ilé iṣẹ́ ńláńlá ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ ìlú náà, àmọ́ ọ̀sà Ologe kò jìnnà sí i, ilẹ̀ irà sì wà lágbègbè rẹ̀ tí ẹyẹ omi fẹ́ràn. Kò dìgbà tí ẹyẹ igbó bá fara kan adìyẹ kí àrùn tó ràn. Bó bá yàgbẹ́ sínú abọ́ omi tàbí sórí oúnjẹ tó wà ní gbangba, ó ti tó. Ẹni tó bá gba inú irà kọjá lè fi bàtà gbé e wálé. Ẹni tó bá dé láti ọjà adìyẹ náà lè gbé e wá nínú àgò àti lára aṣọ.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ ni kí a má ṣe jẹ́ kí adìyẹ máa jẹ̀ káàkiri, pàápàá láti oṣù kẹwàá sí oṣù kẹta. Ilé adìyẹ tí a fi pátákó kàn, tí a fi páànù bo orí rẹ̀, tí a sì fi àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré yí ká, kò gbọdọ̀ já owó ńlá. Inú ilé yìí ni kí oúnjẹ àti omi wà. Kí a gbá oúnjẹ tó bá dà sílẹ̀ kúrò, nítorí òun ló ń fa ẹyẹ wá. Omi kànga tàbí ẹ̀rọ ni kí wọ́n mu, kí a má ṣe bu omi ọ̀sà tàbí ti inú irà fún wọn. Ẹni tó bá ń sin pẹ́pẹ́yẹ pẹ̀lú adìyẹ gbọ́dọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀.

Kí a ya bàtà kan sọ́tọ̀ fún ilé adìyẹ nìkan, kí a sì máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí a tó wọlé àti lẹ́yìn tí a bá jáde. Adìyẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́jà, ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ ti ilé kó tó tó ọ̀sẹ̀ méjì, ó kéré tán.

Àmì àrùn náà kò ṣòro láti rí. Adìyẹ á máa kú lójijì, ogbe rẹ̀ á wú, á sì dúdú, orí rẹ̀ lè wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè pọ́n bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ dì sí i, ẹyin á dínkù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń rò pé lùkúlùkú ni, nítorí pé àwọn méjèèjì jọra. Àyẹ̀wò nìkan ló lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Vom, ìpínlẹ̀ Plateau. Abẹ́rẹ́ lùkúlùkú kò sì lè dènà bird flu.

Ibi tí ìṣòro wà gan-an ni pé àsìkò tí ẹyẹ òkèèrè ń wá náà ni àsìkò Kérésìmesì àti ọdún tuntun, tí adìyẹ ń lówó lórí. Ìyá tó fi adìyẹ mẹ́wàá pamọ́ de owó ilé ìwé ọmọ, bó bá rí i tí méjì kú láàárọ̀, ọkàn rẹ̀ á sọ fún un pé kó yára ta mẹ́jọ tó kù. Lọ́dún 2006, náírà 250 péré ni ìjọba san lórí adìyẹ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá pa, ọ̀pọ̀ olùsìn ló sì kérora pé kò tó. A mọ̀ pé ó dunni. Ṣùgbọ́n adìyẹ tí a tà bẹ́ẹ̀ ń gbé àrùn lọ sọ́jà àti sí ilé àwọn ẹlòmíràn, tó fi mọ́ ilé àwọn tí yóò pa á tí wọn yóò sì tu ìyẹ́ rẹ̀. Ìdí pàtàkì nìyí, nítorí pé láti ọdún 2003, èèyàn tó lé ní 900 ni H5N1 ti mú lágbàáyé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tó kú.

Bí adìyẹ bá ń kú lójijì, ẹ má ṣe tà á, ẹ má ṣe jẹ ẹ́, ẹ má sì jù ú sódò tàbí sórí ààtàn. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán mú un, ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà, kí ẹ sì tètè fi tó àwọn dókítà ẹran ọ̀sìn ìjọba létí. Bí wọ́n bá ní kí a sin ín, kòtò jíjìn tí ajá kò ní lè hú ni kí a gbẹ́. Ní ti adìyẹ tí ara rẹ̀ le, kò sí ewu nínú ẹran àti ẹyin rẹ̀ bó bá jinná dáadáa, torí iná ń pa kòkòrò náà.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà, ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ wí. Akátá tòní kò ṣeé lé, nítorí pé òkè ló ń gbà. Ilé adìyẹ ló kù tí a lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀.