Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dífá lọ́rọọrún. Òwe yìí kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń fi í ṣe ìwà hù kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ẹni tí ó bá ń ronú nípa ibi ń pe ibi wá sí ilé ara rẹ̀ ni. Bí a bá bi wọ́n léèrè ohun tí wọn yóò ṣe bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, tàbí bí àgbàrá bá ya wọlé, èsì wọn kò ju pé, “Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí i.” Àmín ni a ó ṣe sí àdúrà náà, ṣùgbọ́n àwọn baba wa tí ó ń dífá lọ́rọọrún kò pe ibi, ọ̀nà àbáyọ ni wọ́n ń wá kí ibi tó dé.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan nínú ìtàn tiwa. Ní oṣù Keje ọdún 1952, Olóyè S. O. Awókọ̀yà, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Oṣù Kìíní ọdún 1955 ni a dá fún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láàárín ọdún méjì ààbọ̀ náà, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kọ́ ilé-ìwé, ó tọ́ àwọn olùkọ́, ó sì wá owó. Alímọ̀ṣọ́ kò gbẹ́yìn nínú oore yìí, nítorí pé abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn, ní Ẹkùn Ìkẹjà, ni Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò wà títí a fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967.

Síbẹ̀, nígbà tí ọjọ́ pé, ohun tí a kò rò ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó rọ́ wá pọ̀ ju iye tí a fọkàn sí lọ. Àwọn tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1954 tó nǹkan bí 457,000. Ní 1955, wọ́n ju 811,000 lọ. Yàrá kò tó, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a fi ṣe olùkọ́ ni kò sì tí ì kọ́ iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ètò náà kò dojú dé, nítorí pé ilé-ìwé ti wà nílẹ̀ tí a lè fẹ̀ sí i, àwọn olùkọ́ àgbà sì ti wà tí ó lè fi ọ̀nà han àwọn tuntun. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ tí àwọn ọmọ dé ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ẹni tí yóò mọ ògiri, ìtìjú ni ìbá kẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá yí ojú sí Alímọ̀ṣọ́ ti òde òní. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 níbẹ̀. Kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó tó o. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ọ̀pá epo tí àwọn olè lu gbiná ní Abúlé Ẹ̀gbá, ẹ̀mí tí ó ju 200 lọ sì ṣòfò. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, ilé àlejò ìjọ kan wó ní Ìkòtún, ó pa ènìyàn 116. Adájọ́ tí ó wádìí ikú wọn sọ ní 2015 pé ilé náà kò ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Ta ni kò mọ̀ pé epo a máa gbiná? Ta ni kò mọ̀ pé ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò gbà á a máa wó?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, nígbà tí àwọn tí ó fẹ́ ṣe alága bá wá tọrọ ìbò, ẹ má ṣe béèrè ìnáwó nìkan lọ́wọ́ wọn. Ẹ bi wọ́n pé: ta ni yóò kó ìdọ̀tí inú gọ́tà kí òjò oṣù Kẹfà tó dé? Ọ̀nà wo ni ọkọ̀ panápaná yóò gbà wọ àdúgbò tí ṣọ́ọ̀bù ti dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀?

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní 112 àti 767, nọ́ńbà tí ẹni tí ó wà nínú ewu ní Èkó ń pè. Ẹ máa kọ ìwé iṣẹ́ yín kún, kí ẹlòmíràn lè bá yín ṣe é bí àìsàn bá dé. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí a máa yọ ìdá 8 nínú 100 owó oṣù òṣìṣẹ́, kí agbanisíṣẹ́ sì fi 10 kún un. Ọjọ́ ogbó ni ìyẹn wà fún. Kì í ṣe òru tí ọmọ bá ń gbóná. Fún irú òru bẹ́ẹ̀, àjọ àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni àpò ìgbẹ́kẹ̀lé.

Ẹnìkan lè wí pé owó tí kò tó jẹun kò ṣe é fi pamọ́. Òótọ́ ni pé ayé le. Ṣùgbọ́n èló ni a ń san láti gbá gọ́tà iwájú ilé ẹni, tàbí láti mọ ilé tí ọmọ yóò sá sí bí a kò bá tètè dé?

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Arọ kò lè sáré bí ẹlòmíràn lọ́jọ́ ogun, ṣùgbọ́n ó lè gbéra ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí àwa náà gbéra nísinsìnyí.