Bí ìfẹ́ kámẹ́rà ṣe di iṣẹ́ ìyàwòrán ìgbéyàwó fáwọn ọmọ Yorùbá ní Abidjan

Ọjọ́ Sátidé ni ọwọ́ àwọn ayàwòrán ìgbéyàwó máa ń dí jù nílùú Abidjan, lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Láti Treichville dé Cocody, láti Adjamé dé Yopougon, iwájú mairie, ìyẹn ọ́fíìsì olórí ìlú, ni ẹ ó ti bá wọn.

Ìdí ni pé láti ọdún 1964 tí ìjọba Ààrẹ Félix Houphouët-Boigny ti ṣe òfin ìgbéyàwó, èyí tí tọkọtaya bá ṣe níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ni òfin mọ̀. Òfin ọdún náà fagi lé owó orí pẹ̀lú, àmọ́ àwọn ẹbí kò jáwọ́ nínú ìdána, èyí tí wọ́n ń pè ní dot. Ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tún wà níbẹ̀, àríyá sì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ìgbéyàwó kan ṣoṣo lè gba kí ayàwòrán wà níbi ayẹyẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Iṣẹ́ tó ń mówó wọlé ni. Àmọ́ inú sítúdíò kéékèèké ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ Yorùbá sì wà lára àwọn tó la ọ̀nà rẹ̀.

Báwo ni Yorùbá ṣe gbé kámẹ́rà dé Côte d'Ivoire?

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún làwọn ọmọ Yorùbá ti ń rìnrìn àjò lọ sí Côte d'Ivoire. Àwọn ará Èjìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn, débi pé ọkọ̀ máa ń gbéra láti Èjìgbò lọ sí Abidjan tààrà, ẹ ó sì gbọ́ èdè Faransé nínú ìlú náà. Anango làwọn ará Côte d'Ivoire ń pe ọmọ Yorùbá.

Òwò ni ọ̀pọ̀ wọn bá lọ. Àwọn kan gbé kámẹ́rà dání.

Lọ́dún 2005, òpìtàn ọmọ ilẹ̀ Faransé, Érika Nimis, gbé ìwé kan jáde lórí àwọn ayàwòrán Yorùbá ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ìwádìí rẹ̀ fi hàn bí wọ́n ṣe tàn ká láti ilẹ̀ Yorùbá lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè bíi Benin, Togo, Niger àti Côte d'Ivoire, tí wọ́n ṣí sítúdíò, tí wọ́n sì kọ́ àwọn ẹlòmíì níṣẹ́.

Irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì. Lọ́dún 1884 ni Herzekiah Andrew Shanu, ọmọ bíbí Ọ̀tà, ti lọ sí Boma ní Congo, níbi tó ti wá di ayàwòrán.

Ìfẹ́ nìkan kò tó

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó bá wu ọmọ jẹ kì í run ọmọ nínú. Ọmọ tí kámẹ́rà bá wù á máa yọjú lẹ́nu ọ̀nà sítúdíò títí òbí rẹ̀ á fi mú un lọ bá ọ̀gá. Àmọ́ ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọmọṣẹ́ á gbálẹ̀, á pọnmi, á gbé iná dání, á bá oníbàárà tún aṣọ ṣe, kó tó di pé ó fọwọ́ kan kámẹ́rà. Inú yàrá òkùnkùn ló ti máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń po kẹ́míkà, bí wọ́n ṣe ń fọ fíìmù, àti bí wọ́n ṣe ń fi pẹ́ńsùlù pa àbàwọ́n ojú rẹ́ lára nẹ́gátíìfù.

Bí ọdún tó bá ọ̀gá dá bá pé, wọ́n á ṣe fúrídọ́ọ̀mù fún un. Ẹbí á pé jọ, wọ́n á gbàdúrà, ọ̀gá á fún un níwèé ẹ̀rí. Kò bójú mu kó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá rẹ̀, nítorí náà, á wá ìlú tí ayàwòrán kò tíì pọ̀ sí lọ. Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe ń rìn láti ìlú kan sí òmíràn.

Ìṣe Yorùbá náà bá wọn rìn. Lọ́dún 1978, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn African Arts lórí bí Yorùbá ṣe ń ya fọ́tò. Ó tọ́ka sí ìjókòó àgbà: ojú ń wo iwájú gán-án, ọwọ́ wà lórí orúnkún, aṣọ tẹ́ rẹrẹ, ara sì hàn látorí dé ẹsẹ̀. Ẹ wo fọ́tò ìyá ìyàwó níbi ìnáwó lónìí, ẹ ó rí ìjókòó náà níbẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí sítúdíò?

Nígbà fọ́tò dúdú àti funfun, oníbàárà ló ń wá ayàwòrán lọ. Fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ wà, ti ọdún Iléyá wà, ti Kérésìmesì àti ìkómọ náà wà. Ayàwòrán ló ń yà á, òun ló ń fọ̀ ọ́, òun ló ń tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo èrè ń wọ̀.

Láàárín àwọn ọdún 1980, ilé iṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ fọ fọ́tò aláwọ̀ gbòde. Ó di dandan kí ayàwòrán gbé fíìmù rẹ̀ lọ fún wọn, kó sì sanwó. Yàrá òkùnkùn kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́.

Ìgbà yẹn náà làwọn tó ń rìn káàkiri pẹ̀lú kámẹ́rà wá pọ̀ sí i, tí wọ́n ń yàwòrán lóde àríyá láì ní sítúdíò kankan. Photographes ambulants ni wọ́n ń pè wọ́n. Nígbà tí kámẹ́rà tí kò lo fíìmù dé, tí fóònù sì tẹ̀ lé e, ìlẹ̀kùn sítúdíò púpọ̀ tì pa.

Àmọ́ ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn tí iṣẹ́ yìí ṣì wà lọ́kàn wọn gbé kámẹ́rà jáde, wọ́n lọ bá oníbàárà lójú agbo.

Kí ló dé tí fóònù kò gba ìgbéyàwó lọ́wọ́ wọn?

Kì í ṣe pé fóònù kò lè ya àwòrán gidi. Joana Choumali, tí wọ́n bí ní Abidjan, fi fóònù ya fọ́tò ní Grand-Bassam lẹ́yìn ìkọlù oṣù Kẹta ọdún 2016, ó sì fi abẹ́rẹ́ àti òwú ṣiṣẹ́ ọnà sí wọn lára. Iṣẹ́ yìí ló gba ẹ̀bùn Prix Pictet fún un lọ́dún 2019, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á.

Ọwọ́ tó di ẹ̀rọ mú ni ọ̀rọ̀ wà. Wọn kì í tún ìgbéyàwó ṣe nítorí fọ́tò. Bí òrùka bá ti wọ ìka, tí tọkọtaya sì ti buwọ́ lùwé, ó ti kọjá nìyẹn. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọṣẹ́ fi ń gbé kámẹ́rà méjì lọ, tó sì ń tọ́jú àwòrán sórí káàdì méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìmọ́lẹ̀ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Aṣọ ìyàwó tó funfun báláú máa ń tan kámẹ́rà jẹ. Ẹ̀rọ á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú aláwọ̀ dúdú á sì ṣókùnkùn. Bí ayàwòrán bá sì fi kún un jù, iṣẹ́ ọnà ara aṣọ á pòórá. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ló mọ ibi tí àárín wà.

Ó tún gbọ́dọ̀ mọ ẹbí. Bó bá gbàgbé ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó nínú fọ́tò ẹbí níbi ìdána, ìbínú lè pẹ́ ju àríyá lọ.

Bí owó ṣe ń wọlé náà yí padà. Láyé àtijọ́, ayàwòrán á yà á tán, á sáré lọ tẹ̀ ẹ́, á sì padà wá tà á fáwọn àlejò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá rà, òun ló gbé òfò rẹ̀. Lónìí, tọkọtaya á ti san owó àsansílẹ̀, wọ́n á sì ti fẹnu kò lórí wákàtí àti álíbọ́ọ̀mù. Àdéhùn yìí ló sọ ohun tó wu ọmọ di iṣẹ́ tó lè fi tọ́ ọmọ tirẹ̀.

Nẹ́gátíìfù tó ń sọnù

Paul Kodjo, tí wọ́n bí lọ́dún 1939, wà lára àwọn ayàwòrán Côte d'Ivoire tó lórúkọ jù. Ó ya ìgbé ayé Abidjan lẹ́yìn òmìnira ọdún 1960, ó sì ń fi fọ́tò sọ ìtàn nínú ìwé ìròyìn Ivoire Dimanche. Síbẹ̀, díẹ̀ ló kù kí nẹ́gátíìfù rẹ̀ ṣègbé, bí kì í bá ṣe ayàwòrán mìíràn, Ananias Léki Dago, tó gbà wọ́n là. Kodjo jáde láyé lọ́dún 2021.

Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ìgbéyàwó kò rí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀gá bá kú tàbí tí ṣọ́ọ̀bù bá kógbá sílé, àpótí nẹ́gátíìfù á di ẹrù tí kò láyè. Nígbà ogun ọdún 2002 àti rògbòdìyàn lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2010, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà sá wálé. Ẹni tó ń sá kì í ronú kan àpótí fíìmù.

Ewu yìí kò yọ àwọn ti òde òní sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó bá bàjẹ́ lè gbé ìgbéyàwó ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ̀dà àwòrán wà níbi méjì ó kéré tán, kí wọ́n sì tẹ àwọn kan sórí bébà.

Àwọn fọ́tò àtijọ́ ṣì wà nínú álíbọ́ọ̀mù àwọn ìdílé ní Èjìgbò àti ní Treichville. Bí ẹ bá yí òmíràn padà, ẹ lè rí òǹtẹ̀ sítúdíò lẹ́yìn rẹ̀, tó ń sọ orúkọ àti ìlú ẹni tó yà á. Bí àwọn òbí yín bá ṣe ìgbéyàwó ní Abidjan, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ àwọn tó wà nínú fọ́tò sẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí ẹni tó mọ̀ wọ́n ṣì wà láyé.