Èló la ó ná láti dín ìtànṣán olóró kù?

Lára táńkì kan nílé iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe séfútì ní Sango-Ọ̀tà, ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ní Caesium-137 nínú. Ìtànṣán rẹ̀ ló ń sọ fún wa ibi tí ẹrù inú táńkì ga dé. Kò rùn, kò gbóná, ojú kò sì rí i, ṣùgbọ́n bó bá ṣe ń kan èèyàn tó ni ewu jẹjẹrẹ ṣe ń pọ̀ tó. Mo ní kí wọ́n ra pátákó òjé sí i tí yóò dín ìtànṣán náà kù. Ọ̀gá mi bi mí pé èrè wo ló wà níbẹ̀.

Ìbéèrè gidi ni. Òfin fàyè gba ìtànṣán tó jẹ́ 20 millisievert lọ́dún fún ẹni tó ń fi ìtànṣán ṣiṣẹ́, 1 fún ará ìlú. Síbẹ̀, òfin kan náà ní ká tún dín in kù dé ibi tó bá mọ́gbọ́n dání. Ibo wá ló bọ́gbọ́n mu láti náwó dé?

Owó ni Amẹ́ríkà fi dáhùn. Lọ́dún 1975, NRC, àjọ wọn tó ń ṣàkóso iṣẹ́ átọ́míìkì, fi 1,000 dọ́là lé rem kọ̀ọ̀kan tí a bá gbà kúrò lára èèyàn. 10 millisievert ló ń jẹ́ rem kan, ì báà jẹ́ ẹnì kan ló gbà á tàbí èèyàn mẹ́wàá ló pín in. Lọ́dún 1995, ó di 2,000. Wọ́n wo iye tí àwọn èèyàn ń fẹ́ san láti yẹ ewu kékeré sílẹ̀, wọ́n sì rí i pé bí ewu kéékèèké ọ̀pọ̀ èèyàn bá pé jọ tó ikú kan, owó tí gbogbo wọn yóò dá láti lé e lọ tó mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Ewu ikú inú rem kan, wọ́n kà á sí 7 nínú 10,000. Ẹ fi ìyẹn sọ mílíọ̀nù mẹ́ta di púpọ̀, 2,100 ni yóò jáde. Wọ́n gé e sí 2,000. Nígbà tó di 2022, wọ́n ti gbé e sí 5,200. Ewu tí a lé lọ ni wọ́n ń díye lé, kì í ṣe ẹ̀mí Lágbájá.

Ká ní ogún èèyàn ń gba 1 millisievert lọ́dọọdún, tí òjé wá gé e sí ìdajì: rem kan la jèrè, 5,200 dọ́là, lọ́dọọdún tí òjé náà bá fi wà níbẹ̀.

Ogún èèyàn wo? Ohun tó ń dùn mí nìyí. Àwọn tó so báàjì tó ń wọn ìtànṣán mọ́ àyà nìkan ni ìwé ilé iṣẹ́ máa ń kà. Àwọn alágbàṣe tó ń já ẹrù, tí mo máa ń bá wọ bọ́ọ̀sì láti Itele láàárọ̀, kò sí nínú rẹ̀. Àwọn tó ń ra irin àlòkù kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ wọn ni ẹ̀rọ náà lè bọ́ sí lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ bá kógbá sílé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2002, ohun èlò onítànṣán kan sọnù ní Niger Delta. Inú irin àlòkù ní Jámánì ni wọ́n ti rí i lọ́dún 2003. Ní Algeciras, lórílẹ̀-èdè Sípéènì, wọ́n yọ́ Caesium-137 mọ́ irin lọ́dún 1998, ó sì ná wọn ní nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n dọ́là. Ọ̀tà náà ń yọ́ irin.

Wọ́n lè sọ pé owó Amẹ́ríkà pọ̀ jù fún wa. Ó dáa, ká jókòó dín iye owó náà ní gbangba, ṣùgbọ́n kí a má dín iye èèyàn. Mo ti tún ìwé kọ sí ọ̀gá. Mo fi àwọn tó ń já ẹrù kún un, mo sì ní kí wọ́n ya owó tí a ó fi dá ẹ̀rọ náà padà fún ẹni tó ṣe é sọ́tọ̀ báyìí, nígbà tí ọjà ṣì ń tà.